Ẹnu Géètì Kọkànlá

Ẹni tó bá jókòó sápá òsì ni í ṣí géètì.
Òfin awakọ̀ orí òkè Wélíìsì nìyẹn,
nílẹ̀ tí awakọ̀ ti ń jókòó sọ́tùn-ún.
Kò sí nínú ìwé, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n:
bí o bá bá a ní títì, tì í padà;
bí o bá bá a ní ṣíṣí, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,
ìwọ kọ́ lo ni àgùntàn.

Mo ti ń ṣí géètì fún Idwal, ẹ̀gbọ́n ìyá mi,
láti ìgbà tí ọwọ́ mi ò tíì tó ìkọ́ irin.
Ní báyìí mo ti gba ìwé ìwakọ̀, kò tíì pé oṣù méjì.
Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè.

Ọkọ̀ márùn-ún la jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.
Mererid ló ṣíwájú, iná mẹ́fà lórí òrùlé,
ó mọ́lẹ̀ rokoṣo bí ilé ìwòsàn.
Tegwyn tẹ̀ lé e, ajá rẹ̀ yọrí lójú fèrèsé;
lẹ́yìn rẹ̀, tọkọtaya kan láti ìsàlẹ̀ àfonífojì
tí wọ́n ń jà lórí máàpù,
tí wọn ò mọ̀ pé rédíò ṣí sílẹ̀, gbogbo wa ń gbọ́;
lẹ́yìn wọn, Macsen, ọmọ elépo.
Àwa la kẹ́yìn, nínú Landiróófà tó dàgbà jù mí lọ,
tí òjò ń jò sí mi lórúnkún.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni òjò ti fi rọ̀.
Ọ̀nà ò jẹ́ ọ̀nà mọ́.
Ẹrẹ̀ ń gbé táyà mì, ó ń pọ̀ ọ́, ó tún ń gbé e mì,
ọkọ̀ ń yọ̀ tẹ̀rẹ́, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì,
ẹ̀ka igi ń ha ìlẹ̀kùn
bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ta.

Ní géètì kẹta Idwal ní, "Ṣé òkúta yẹn ṣì wà lọ́tùn-ún?"
Mo ní ó wà.
Ní géètì karùn-ún: "Kòtò ńkọ́?"
Mo ní ó kún dẹ́nu.
Mo rò pé ó ń dán mi wò ni,
bí àgbà ti í dán ọmọdé wò.

Ní géètì keje ó gbá òpó.
"Òpó ló sún," ó wí, ó rẹ́rìn-ín.
N kò rẹ́rìn-ín.

A dé odò. Àwọn yòókù ti sọdá.
Ohùn Mererid ń ya bí aṣọ gbó lórí rédíò:
"Idwal, wo òkúta funfun. Bí omi bá ti bò ó, má wọ̀ ọ́ o."
Iná wa wà lára òkúta náà gan-an,
ó funfun bí eyín, omi ò tíì dé ọrùn rẹ̀.
Idwal na ọrùn. Ó fọwọ́ nu gíláàsì.
Ó tún fọwọ́ nu ojú.
"Báwo lo ṣe rí i?" ó bi mí jẹ́jẹ́,
bí ẹni tó ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹyin.

Wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni.
Àṣé láti géètì kìíní, ojú mi ló fi ń wakọ̀.

"Omi ò bò ó. Díẹ̀ sósì.
Sí i.
Ó tó. Máa lọ."
Omi wọlé, ó rin bàtà wa, ẹ́ńjìnnì húkọ́,
ó tún húkọ́, a gòkè.
Macsen pàtẹ́wọ́. Tegwyn kígbe pé,
"Idwal! Ogójì ọdún rèé, kò há rí!"
Rédíò wà lọ́wọ́ mi.
N kò tẹ bọ́tìnnì.

Ní géètì kọkànlá mo nawọ́ sí ìlẹ̀kùn.
Ó ní, "Jókòó."
Òun fúnra rẹ̀ sọ̀ sínú ẹrẹ̀,
ó ń fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ lọ, láti iná kan dé èkejì,
ó wá ìkọ́ irin náà títí ó fi kàn án.
Àga awakọ̀ ṣófo, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Ó fẹ̀yìn ti géètì nínú òjò, ó ké sí mi:
"Kí lò ń wò? Wà á kọjá.
Màá tì í."