Òǹkà Òru

Ọyẹ́ gba orí àpáta wọ Ìsánlú lóru,
mo fi ìró mi dí ojú fèrèsé.
Etí mi wà láyà rẹ, Morádéùn,
mò ń ka èémí:
mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, méjìdínlọ́gọ́ta…
mo ṣì í kà. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.

Dókítà Ìlọrin ya ọkàn rẹ sórí ìwé fún wa,
ilé oníyàrá mẹ́rin. Ó ní ògiri kan lu.
Bàbá rẹ, bíríkìlà, bi í pé
ṣé kò ṣeé dí ni.
Ó ṣeé dí, ó ní, ẹ jẹ́ kó tó kílò mẹ́fà ná.
Àpò kajú mẹ́ta ló gbé wa débẹ̀.
Ọ̀kadà tí bàbá rẹ tà ló ra oògùn.

Ọmú ni oko tìrẹ.
O fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, o sinmi,
òógùn bo iwájú orí rẹ bí ẹni tó ń kọ ebè.
Nígbà mìíràn ètè rẹ a dà bí aṣọ tó jáde nínú aró,
màá ká eékún rẹ mọ́ ọ láyà
títí pupa á fi padà.

Ìyá Ìbítóyè yọjú láàárọ̀: "Okun o."
Bí a ṣe ń kí ara wa náà nìyẹn, tojúmọ́ ni,
n kò gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ lónìí rí.
"Okun," mo ní. "Ó fi ogún gíráàmù sanra."
Ó rẹ́rìn-ín. Ṣé ìyẹn tó iyọ̀ ọbẹ̀?

Kò tó.
Mo fi èédú kọ ọ́ sára ògiri,
lábẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.