Àga Tó Yá Ẹsẹ̀ Lò

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n gbé e dé láti Lẹ́kí,
àga gígùn aláwọ̀ eérú,
wọ́n fi ọ̀rá wé e bí ẹni tí òtútù ń mú.
Àwọn géńdé méjì tó gbé e kò dé Pópó Àgùdà rí.
Wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n wo àga, wọ́n wo ara wọn.
Mo ti wọn pálọ̀, mo wọn ògiri,
mo wọn àyè tó kù lẹ́bàá kọ́bọ́ọ̀dù àwo olódòdó
tí ẹnikẹ́ni kò jẹun nínú rẹ̀ rí.
Ilẹ̀kùn nìkan ni mi ò wọ̀n,
ilẹ̀kùn tí Bàbá Àgbà fọwọ́ ara wọn gbẹ́
láyé tí àga ò tíì sanra báyìí.
Wọ́n fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ó kọ̀. Wọ́n dorí rẹ̀ kodò, ó kọ̀.
"Ẹ gba ojú fèrèsé," ni Ìyá Àgbà wí láti òkè,
"ibẹ̀ náà la gbà gbé pósí ọkọ mi jáde."

Nígbà tó wọlé tán, gbogbo ilé dákẹ́.
Àga àtijọ́ mẹ́fà tò sẹ́bàá ògiri,
ẹ̀yìn wọn nà ṣánṣán,
ìjókòó wọn pankẹ́rẹ́ tí Ìyá Àgbà ń tún hun lọ́dọọdún.
Tèmi sùn gbalaja sáàárín wọn lórí sìmẹ́ńtì pupa
bí àlejò tó bọ́ bàtà kí wọ́n tó ní kó jókòó.

Ìyá Àgbà sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀.
"Ó rọ̀," ni wọ́n wí.
Lẹ́nu tiwọn, ìyẹn kì í ṣe ìyìn.
Wọ́n jókòó. Wọ́n rì.
Orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.
"Bẹnedítà, ṣé àga lo rà ni, àbí kòtò?"
Èèyàn méjì la fi fà wọ́n dìde.
Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.
Fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń yí i po bí ẹni ń yẹra fún adágún òjò,
èmi náà sì ń bínú lábẹ́lẹ̀:
ṣé n ò wá gbọdọ̀ ní ohun kan ṣoṣo
nínú ilé tí mo ń sanwó iná rẹ̀?

Músẹ́díìkù káfíńtà wá láti Òkè Pópó, pẹ́ńsùlù létí.
Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó yọjú wo abẹ́ àga.
"Ẹsẹ̀ ni kò ní. Ike ni wọ́n fi tì í nídìí."
Ìyá Àgbà ò fèsì. Wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n pẹ́ níbẹ̀.
Nígbà tí wọ́n pè wá, wọ́n ti ká ẹní kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀gánwó,
olópòó mẹ́rin, tí ikán ti jẹ àárín rẹ̀,
tí ẹnikẹ́ni ò sùn lé láti ọdún mọ́kànlá.
"Gé àwọn òpó yìí."
Músẹ́díìkù gbé ayùn sílẹ̀. "Ìyá, ọ̀gá mi ló gbẹ́ ẹ."
"Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìwọ gé e."

Ayùn ò tètè wọ igi náà.
Lẹ́búlẹ́bú pupa ń dà sílẹ̀;
Ìyá Àgbà bù díẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀,
wọ́n so ó mọ́ etí ìró.

Àga ti ga báyìí.
Eérú lókè, igi pupa nísàlẹ̀,
òdòdó tí wọ́n gbẹ́ sára òpó ń yọjú
bí etí yẹ̀rì lábẹ́ ìró.
N ò lè sọ pé ó bára mu.
Ọ̀rẹ́ mi kan wá láti Yábàá, ó ní kí ni mo ń pe èyí.
Mo ní àga ni.
Ẹsẹ̀ kan kúrú díẹ̀;
Músẹ́díìkù ká páálí sábẹ́ rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀.

Lánàá, iná lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì wọ pálọ̀.
Ìyá Àgbà ló sùn sórí àga, wọ́n kọjú sógiri,
ọwọ́ wọn kan rọ̀ sílẹ̀, ó di òpó mú.
Mo rò pé wọ́n ti sùn lọ. Mo pa tọ́ọ̀ṣì.
"Ẹsẹ̀ yẹn ṣì ń mì," ni wọ́n wí nínú òkùnkùn.
"Pe Músẹ́díìkù."