Àpò Ìbàdí

Èjìká òsì mi ti pè mí lẹ́jọ́ láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá.
Ó ní òun kì í ṣe ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri
tí gbogbo ẹrù ayé yóò máa fì dirodiro lọ́rùn òun.
Ó jàre.
Kámẹ́rà kan, lẹ́ǹsì mẹ́ta, bátìrì,
ìgò omi, búrẹ́dì àná:
ẹrù ọ̀hún wúwo ju itan màlúù Iléyá lọ.

Àpò ìbàdí àkọ́kọ́, Ìkòròdú ni mo ti rà á.
Ó dúdú, ó ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó.
Mo sán an mọ́dìí nínú ṣọ́ọ̀bù, mo nàró,
mo wo ara mi nínú dígí, mo sanwó.
Ṣé inú dígí ni mo ti ń ṣiṣẹ́?
Ọjọ́ kejì, létí ọ̀sà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ wa níbí,
mo bẹ̀rẹ̀ láti ya ojú ọ̀bọ̀kún kan,
àpò yí bírí, ó dé ìdodo, ó yanu,
lẹ́ǹsì kékeré yọ́ jáde
ó bá àwọn ọ̀bọ̀kún lọ sínú agbọ̀n.
Ìyá Rahamọ́tù tó ni agbọ̀n wò ó, ó ní,
"Ẹ mú un kúrò, mi ò tíì dá iye lé ìyẹn."

Èkejì fẹ̀ bí ilé.
Mo wọ ọkọ̀ ojú omi, àpò jókòó, èmi dúró.
Atukọ̀ bi mí, owó ènìyàn mélòó ni kí òun gbà?

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ Baba Ṣítù lọ,
aránbàtà tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí Àyétòrò.
Mo tún fẹ́ nàró.
"Ta ní ń nàró ṣiṣẹ́? Bẹ̀rẹ̀. Jókòó.
Lóṣòó bí ẹni tó ń fọ abọ́.
Kó kámẹ́rà rẹ sínú rẹ̀ ná,
gbogbo àpò òfìfo ló ń tu ènìyàn lára."
Ó fi ìka wá eegun ìbàdí mi kàn.
"Ibí ni kó gbé e. Kì í ṣe ikùn.
Ikùn ń mí, oúnjẹ ń gba ibẹ̀ kọjá."
Ó gé okùn, ó tún gbójú sókè:
"Báwo ni ìyá rẹ ṣe pọ̀n ọ́?"

Mi ò dáhùn kíá.
Màámi, tó ń yan ẹja ní Olúwo,
ọ̀já aláró, ó ká a ní méjì, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin,
ó fi kókó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́
kó má baà gún un bó bá bẹ̀rẹ̀ fẹ́ná.
Ọ̀já yẹn ló gbé mi lọ sí gbogbo ọjà.
Odidi ọdún méjì ni mo fi wà lẹ́yìn rẹ̀,
kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èjìká ń dun òun.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Baba Ṣítù rán an:
ìka mẹ́rin, fóòmù tó nihò fún òógùn,
táàpólìn lókè nítorí omi ọ̀sà,
síìpù tó kọjú sí mi, kọ́wọ́ lè rí i láìsí ojú,
ìdè tí kò ní ta pàá bí ìbọn
tí mo bá ń dọdẹ lékèélékèé.
Ẹgbẹ̀rún méjìlá. A ná an, ó di mẹ́wàá.
Mo tún fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé e
nítorí ìbéèrè yẹn.

Ní ìdájí a wà lójú omi,
ìkùukùu bo igi, àwọ̀n ń balẹ̀ wẹ́rẹ́.
Mo ti ya àwòrán tó ọgbọ̀n kí n tó rántí ẹrù.
Mo fọwọ́ kàn án lẹ́yìn,
bí ẹni tó ń wò bóyá ọmọ ti sùn.

Èjìká ò tíì yọwọ́ ẹjọ́ o.
Ó ní òun ń retí ọjọ́
tí mo bá tún ra lẹ́ǹsì.