N Ó Dá Búútà Padà

Bí ọyẹ́ bá ti ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀ tán,
kí ooru tó sọ orí òrùlé di agbada,
n ó wọ ọkọ̀ ní Jàbí kí ilẹ̀ tó mọ́,
èmi Mọríámọ̀, ọmọ Ràímì ará Ọ̀fà
tó ń fi àsíá pupa dá rélùwéè dúró ní Ńgúrù,
níbi tí irin ti pin
tí iyanrìn sì gba iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹrù mi kò ní wúwo:
bùbá méjì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, bàtà pẹlẹbẹ,
àti búútà kan tí kì í ṣe tiwa.

Modu Kolo ló ni ín.
Ó yá bàbá mi lọ́dún tí ọ̀dá pa màlúù
tí wọ́n ń fi egungun wọn sàmì ọ̀nà.
Ilé iṣẹ́ ní kí á kó lọ sí Mìnà láàrin ọ̀sẹ̀ kan;
àwo fọ́, adìẹ sọnù, búútà bá wa lọ.
Ó bá wa dé Mìnà, ó bá wa dé Ọ̀fà,
ó wà ní Kúbúwà báyìí, lórí kọ́bọ́ọ̀dù,
ọmọ-ọmọ mi ki òdòdó oníke bọ̀ ọ́ lẹ́nu.
Mo yọ ọ́ kúrò.

“Ohun tí a yá kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni kó di tẹni,”
bàbá a máa wí bẹ́ẹ̀,
a sì tún bu omi sínú rẹ̀, a fi fọ ẹsẹ̀.

Mo ti bá Yagana sọ̀rọ̀, ọmọ-ọmọ Modu.
Hausa tèmi ti dípẹtà lẹ́nu,
tirẹ̀ ní Kanuri nínú bí ẹ̀wà tó ní òkúta;
a gbọ́ ara wa yé níbi tó yẹ.
Mo ní, òkè iyanrìn ẹ̀yìn ilé yín,
tí mo fi ìdí yọ̀ wálẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́jọ,
ṣé ó ṣì wà?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òkè ń rìn, Ìyá.
Èyí tí ẹ mọ̀ ti gba orí kànga wa kọjá,
ilé tí ẹ mọ̀, a ti ṣí i lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dá rìn láti Yusufari,
ẹ jẹ́ kí á wá pàdé yín.

N ó dúró dè wọ́n.
Mi ò ní gun òkè ya fọ́tò bí ẹni ṣẹ́gun.
Mi ò ní bu iyanrìn sínú ìgò wá fún Ìyá Rìdíwáànù, aládùúgbò mi,
tó ń bi mí pé aṣálẹ̀ kẹ̀, kí ló wà níbẹ̀?

Kán-ún wà níbẹ̀.
Kán-ún tí o fi ń se ẹ̀wà,
tí ò ń bù sínú ilá kó lè yọ̀,
kòtò àárín òkè wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń gé e,
ràkúnmí ti rù ú kí ọkọ̀ ojúirin tó mọ ọ̀nà.
O ti ń jẹ ibẹ̀ láti kékeré.
Ọ̀pẹ dàbínù wà níbẹ̀, omi wà nídìí rẹ̀
tí ọmọdé lè fọwọ́ gbẹ́ kàn.
Ìdákẹ́jẹ́ sì wà,
àmọ́ báwo ni n ó ṣe ṣàlàyé ìyẹn
fún ẹni tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta yí ilé rẹ̀ ká?

Búútà ti ń jò nídìí, kí n má parọ́.
Mo gbé e lọ bá ajórin kan ní Dẹ́ìdẹ́ì,
ó ní Màmá, ẹ ra oníke.
Mo ní kó jó o.
Ó jó o, àpá rẹ̀ dúdú bí ilà ojú.

Yagana ní sàréè bàbá àgbà òun
wà lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òkè náà,
èwo gan-an, kò dá òun lójú lọ́dún yìí.
N ó bu omi kún búútà,
n ó fà á lé e lọ́wọ́
níbi tó bá ní kí n dúró sí.