Ẹ̀dọ̀ fún Múínátù

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ní Sábó,
màlúù pupa kan ti dùbúlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì.
Bàbá mi, Sàláwù ọmọ Lásísì, nu ọ̀bẹ mọ́ itan,
ó ki ọwọ́ bọ inú ooru, ó fa ẹ̀dọ̀ jáde,
ó dì í sínú ewé eéran, ó ní:
"Gbé e fún àbúrò rẹ ní Òkè-Báálẹ̀.
Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó, nọ́ọ̀sì ti wí."

Ọdún mẹ́tàlélógójì ló ti wà nídìí ẹran.
Ó máa ń mọ èyí tó lóyún kí wọ́n tó dè é lẹ́sẹ̀;
á fọwọ́ tẹ fúùkù, á ní ẹ sin ín, kò ṣeé tà.
Ojú rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Kò fi rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí.

Níbi iṣẹ́ tèmi, a kì í fojú sọ.
Mo gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ náà, kò ju èékánná ọmọdé lọ,
mo yan án gbẹ, mo lọ̀ ọ́ kúnná,
mo da ásíìdì lé e títí ó fi di omi,
omi tó mọ́ gaara, bí ẹni pé kò ké rí.
Ẹ̀rọ wá ń pe ohun inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan
bí tíṣà ṣe ń pe orúkọ láàárọ̀.
Irin? Ó wà, ó tilẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì.
Sinkì? Ó wà.
Bàbà? Ó wà, ó jókòó jẹ́ẹ́.
Inú mi dùn. Irin yìí ni ẹ̀jẹ̀ Múínátù ń bẹ̀bẹ̀ fún,
sinkì yìí ni ọmọ inú rẹ̀ ń dúró dè.
Mo fẹ́ pa rẹ́jísítà dé báyìí
ni Òjé bá dáhùn láti ẹ̀yìn kíláàsì.

A ò pè é.

Mo tún un ṣe. Mo fọ ìgò, mo pààrọ̀ ìbọ̀wọ́,
mo ní bóyá ìdọ̀tí ni, bóyá ọ̀bẹ ni.
Ó tún dáhùn. Ohùn rẹ̀ ò yí padà.

Mo mọ ọ̀nà tí màlúù yẹn gbà.
Ó ti ọ̀nà Ìkìrun wọlé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́,
ó yà sẹ́yìn ọgbà àwọn mẹkáníìkì
níbi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì tó ti kú,
tí omi gọ́tà ń dán bí ojú ẹja.
Màlúù kì í ṣe òpè. Iyọ̀ ló ń wá, ó lá ohun tó rí lá.
Ohun tó ń wá náà ni Múínátù ń wá
nígbà tó bá ń họ amọ̀ ara ògiri jẹ lóru,
tó ní ká má sọ fún ọkọ òun.

Orí ìdúró ni Bàbá ti gbọ́ ọ.
"O rí i?"
A kì í rí i, Bàbá.
"Ó ń rùn?"
Kò rùn.
"Tí wọ́n bá sè é pẹ́ ńkọ́?"
Iná kì í pa á.
Ó wo ọ̀bẹ rẹ̀, èyí tí pípọ́n ti jẹ títí tó fi ku tẹ́ẹ́rẹ́.
"Ohun tí kò hàn, tí kò rùn, tí kò korò,
ibo ni kí n ti gé e kúrò?"

Mi ò dá a lóhùn.
Ẹ̀dọ̀ ló fi tọ́ mi, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, pẹ̀lú ata díẹ̀.
Orí tí mo fi kàwé débi ẹ̀rọ, òun ló bọ́ ọ.

Mo ra ẹ̀wà lọ fún Múínátù, àti ṣọkọ ìdì mẹ́ta.
Ó ní, "Ẹ̀dọ̀ mi dà?"
Mo purọ́ pé wọn ò pa màlúù.

Lọ́jọ́ kejì, wọn ò rí Bàbá níbi ìpẹran.
Ẹ̀yìn ọgbà mẹkáníìkì ni mo ti bá a,
ó jókòó lórí taya, ọ̀pá lọ́wọ́,
ó ń lé màlúù olómàlúù kúrò nídìí gọ́tà:
"Ẹ kọjá, ẹ kọjá, omi wà níwájú."
Ọmọ tó ń dà wọ́n dúró, ó ń wò ó bí ẹni ń wo wèrè.
Mi ò sọ fún un
pé n kò tíì yẹ omi iwájú wò.