Etí Aṣọ Mẹ́rin

Bàbá mi kò mọ̀wé.
Síbẹ̀, ní Bọ́má, ojú ọ̀run ló ń kọ lẹ́tà sí.
Aṣọ funfun ni kálámù rẹ̀,
igbó tí wọ́n fi àdá ṣán ni tákàdá.

Mẹ́ta péré ni ọ̀gá òyìnbó kọ́ ọ.
Ó fi ojú àgbẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ sọ wọ́n lórúkọ.
Ọkọ́: ẹ jù ú síbí.
Olú inú oko: ẹ gbé oògùn wá, ẹnìkan ti gbọgbẹ́.
Igi méjì tó dábùú ara wọn:
ẹ má sọ̀ o, ọ̀tá ti gba ìsàlẹ̀.

Ẹ̀rọ òfurufú á fò kọjá bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé,
á ṣẹ́rí padà,
ilẹ̀kùn ikùn rẹ̀ á ṣí.
Iyọ̀ àti ọta ìbọn a máa ta agbòjò,
wọn a rọra balẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.
Ìrẹsì kò ní agbòjò.
Gbì! Ilẹ̀ á mì.

Òkúta ni wọ́n ní kó fi tẹ etí aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kánjú,
ó tẹ mẹ́ta.
Ẹ̀fúùfù wọ́ ọkọ́ náà síwájú,
kò ju ogún ẹsẹ̀ lọ.
Ibẹ̀ ni Ògúnṣakin ará Òmùò jókòó sí,
ó ń bọ́ bàtà kó lè da omi inú rẹ̀ nù.

Mo dàgbà, mo bá a bẹ́ẹ̀:
ìyá mi á sá láfún sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé,
bàbá mi á gun òkè tọ̀ ọ́ lọ, òkúta lọ́wọ́,
á tẹ etí aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
á tún fi ẹyọ kan lé àárín.
“Afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́ kẹ̀, bàbá Wúrà!”
“Ẹ̀fúùfù náà mọ̀ọ́kọ,” ló máa ń wí.

Ọdún Kérésì, iṣu ni tirẹ̀.
A rò pé ìwọra ọmọ Èkìtì ni.

Lọ́dọọdún ló ń ru iṣu mẹ́fà lọ sí Òmùò
fún ìyá arúgbó kan tí kò bá wa tan.
Ó ti sọ fún un pé ọta ìbọn ni.
Màmá náà gbà.
Lọ́dún kan, kó lè yẹ́ àlejò rẹ̀ sí,
ó ta ewúrẹ́, ó ra ìrẹsì, ó sè é.

Bàbá mi jókòó.
Ó jẹ ẹ́ tán. Ó lá àwo.