Ìṣó àti Rọ́bà

Heldur ní kí n wá bá òun gbé sípíkà.
Àjà kejì ni, nínú ilé onípákó kan ní Tartu,
ilé tó ti gbó débi pé àtẹ̀gùn rẹ̀
ń dárúkọ ẹni tó bá ń gùn ún.

Ìṣó ẹlẹ́nu ṣóńṣó mẹ́rin-mẹ́rin
ló fi so ẹsẹ̀ onírin wọn mọ́ pákó ilẹ̀.
"Ohun tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀."
Ọdún mọ́kànlá ló fi gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́.
Ṣùgbọ́n bí gòjé ńlá bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí ohùn abẹ́,
pákó a gbà á, a tún un sọ,
bí ìránṣẹ́ tó ń fi tiẹ̀ kún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.
Fèrèsé a gbọ̀n. Ṣíbí inú ife a dáhùn.

"Òpùrọ́ ni ilẹ̀ yìí," Heldur wí.
A tú ìṣó. Ó gé tọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ àtijọ́,
a ká a ní ìlọ́po mẹ́ta, a tẹ́ ẹ sábẹ́ irin.
Ó gbé àwo orin sí i. Ó jókòó. Ó dijú.
Mo gbọ́ ìka agòjé lórí okùn,
mo gbọ́ èémí rẹ̀ kó tó fa ọ̀pá,
ilẹ̀ sì dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n bá wí.

Ọjọ́ kẹrin ni Maimu gòkè wá látìsàlẹ̀,
ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ìbọ̀sẹ̀ onírun lẹ́sẹ̀.
A ti kó ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu:
a rò pé ẹjọ́ ariwo ló wá rò.
"Ṣé ara rẹ ò yá ni?" ló bi í, ó ń pariwo
bí àwọn tí etí wọn ti di ṣe ń pariwo.
"Orin ti tán nínú ibùsùn mi."

Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló fi ń gbọ́.
Alaalẹ́ ló ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pákó ìgbèrí,
gòjé a gba ara ilé sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ ọ́ wá.
Wọ́n ní ògiri létí. Wọn ò sọ fún wa
pé ilẹ̀ lẹ́nu, àti pé ẹnìkan ń fetí sí i.

Heldur wo rọ́bà, ó wo ìṣó nínú agolo.
Ó mọ ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ máa wí:
ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ dúró bákan náà.
Ó ní kí n gbé ti ọwọ́ òsì sókè díẹ̀.
Ìṣó mẹ́rin padà sínú ihò wọn.
Ti ọ̀tún ṣì wà lórí rọ́bà.

Orin wọ́ báyìí, ó fì sápá kan.
Àga rẹ̀ ló sún.